Aṣọ Tí Màmá Fi Bo Òwìwí Lójú

Bí mo bá di ojú mi báyìí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láti inú ọdún tí Màmá wá bá wa ni fèrè ọkọ̀ ojú omi. Pasadena lókè òkun là ń gbé nígbà náà, nínú ilé alájà méjì kan tí ìdílé kún fọ́fọ́, tí kò sì jìnnà sí ibi tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá ti ń gbé ẹrù wọlé. Ìdájí ni wọ́n máa ń fọn fèrè. Kí ó tó dákẹ́, Mọ́mì á ti wà ní pálọ̀, wọ́n á máa rìn lọ rìn bọ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á máa gbàdúrà, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni kọ́kọ́rọ́ Dádì á dún lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ òru dé láti ilé iṣẹ́ epo, òórùn ibẹ̀ á sì bá wọn wọlé, òórùn kan bí ẹyin tó bàjẹ́, tó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í gbọ́ ọ mọ́ àfi bí àlejò bá dé tó yínmú. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́ dáadáa, rédíò Doña Chela á bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Doña Chela ni aládùúgbò wa, opó kan láti Mẹ́síkò, tó máa ń bá àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ tọ́jú ọmọ wọn. Mo ti dàgbà báyìí, funfun ti ń yọ nínú irun mi, ojú títì tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni mo sì ń gbé ní Rosenberg, ṣùgbọ́n ilé tí kò bá sí ariwo ẹlòmíràn lẹ́yìn ògiri rẹ̀ kò tíì fi gbogbo ara jọ ilé lójú mi.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì ń kọ́ ní Third Ward, àdúgbò kan tó jìnnà sí wa, bọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ń wọ̀ lọ, nítorí ọkọ̀ kan ṣoṣo tí a ní, Dádì ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ilé fi pọ̀ lọ́rùn mi ju bó ṣe yẹ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Èmi ni mo ń ṣa ẹ̀wà, èmi ni mo ń kó aṣọ lọ sí ibi ẹ̀rọ ìfọṣọ ní ìsàlẹ̀, tí mo bá sì ti ilé ìwé dé, èmi ni mo ń lọ mú àbúrò mi ní ilé Doña Chela. Mọ́mì á ní, “Fọlá, ìwọ ni ọwọ́ ọ̀tún mi.” Dádì á ní bí ọmọdé bá níṣẹ́ ṣe, kì í ráyè sọ ìsọkúsọ. Mo rò pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ.

Àbúrò mi yìí, Dámiláre, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ ọdún náà dá lé lórí. Ó ti lé lọ́mọ ọdún méjì, ó ń rìn, ó ń sáré, ó ń gun orí tábìlì, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ di. Bí èèyàn bá rọra ṣí páálí bisikíìtì nínú yàrá, á ti dúró sí ẹnu ọ̀nà kí èèyàn tó mú ọ̀kan jáde. Ó kàn dákẹ́ ni. Bí a bá pè é, á wò wá bí ẹni pé ẹlòmíràn kan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ là ń bá wí. Dádì ní ọkùnrin máa ń pẹ́ sọ̀rọ̀, pé òun náà pẹ́. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú àánú wo Mọ́mì, obìnrin kan sì bi wọ́n lójú mi pé, “Sister Bọ́sẹ̀, ṣé ẹ ti wádìí ibi tí ọmọ yìí ń jẹun?” Ní alẹ́ ọjọ́ náà, òróró tí wọ́n fi pa Dámi lórí pọ̀ débi pé ó ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀, ó sì ń fi ahọ́n lá a.

Ìgbà yẹn ni Màmá dé láti Ọ̀yọ́. Ìyá Mọ́mì ni wọ́n, aláṣọ funfun ni wọ́n, Aládùúrà pọ́ńbélé, èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó bá ti jí títí tí oorun á fi gbé e lọ láàárín ọ̀rọ̀. Wọ́n mú èlùbọ́ wá, wọ́n mú irú wá nínú ike tí wọ́n fi ọ̀rá wé títí tó fi tóbi bí orí ọmọ, wọ́n sì mú agogo kékeré kan wá láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n da omi sínú agogo náà, wọ́n gbé e fún Dámi mu, nítorí wọ́n ní ọmọ tó bá mu omi agogo, ohùn rẹ̀ á là. Dámi mu ún tán, ó sì na agogo náà padà sí wọn pé kí wọ́n tún bu omíì. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mọ́mì, tí ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀, dibọ́n pé àwọn ń wá nǹkan nínú fìríìjì.

Láràárọ̀ ni Màmá máa ń kì í. Àkànní ni oríkì tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti Àkànní, wọ́n á gba ọ̀dọ̀ àwọn baba tí mi ò mọ̀ kọjá, wọ́n á dé orí ìlú, wọ́n á dé orí oko, ohùn wọn á máa ròkè, á máa rodò. Èmi tí wọn kò kì gan-an, orí mi á máa wú. Dámi á kàn máa wo ẹnu wọn. Tí wọ́n bá kì í tán, wọ́n á pè é pé, “Àkànní.” Kò ní jẹ́. Wọ́n á tún pè é. Á bọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn, á lọ wá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀, mo wà nídìí àwo ní kíṣìnì nígbà tí Màmá wọlé wá bá Mọ́mì. “Bọ́sẹ̀,” wọ́n ní, “àkókò tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà mi kò gùn. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ Ọlọ́run fún. Mi ò fẹ́ padà délé kí n ní mo rí ọmọ ọmọ mi lókè òkun, mo pè é, kò dá mi lóhùn.” Mọ́mì ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún un fún mi.”

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Màmá tẹ̀ lé mi lọ mú Dámi. Bí a ti wọlé, Doña Chela fi ọwọ́ ṣe àmì pé kí a jókòó, kí a má sọ̀rọ̀. Dámi wà lórí itan wọn, ìwé kan sì wà níwájú wọn, ọ̀kan nínú àwọn ìwé alárànbarà àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fi páálí líle ṣe, tí gbogbo igun rẹ̀ ti rẹ fún itọ́, tí àwọn ọmọ ọmọ Doña Chela ti fi eyín jẹ kí ó tó kan àbúrò mi. Orin àwọn ọmọdé ló wà nínú wọn, lédè Sípáníìṣì. Èyí tó wà lọ́wọ́ wọn yìí, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ju pé ilẹ̀ ṣú, ẹran kọ̀ọ̀kan sì ń lọ sùn. Adìẹ wà ní ojú ewé kan, ewúrẹ́ wà ní ìkejì, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, ọ̀rọ̀ tó sì ń parí gbogbo rẹ̀ ni “dormir”, ìyẹn sùn ní èdè tiwọn. Doña Chela á gbé ìka lé adìẹ, wọ́n á fi orin sọ ọ́ pé ó ń lọ sí ilé láti lọ sùn, ṣùgbọ́n wọ́n á dákẹ́ kí wọ́n tó dé orí “dormir”. Wọn kì í wo Dámi. Wọn kì í mi orí sí i. Ojú adìẹ yẹn ni wọ́n á máa wò bí ẹni pé àwọn fúnra wọn ti gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kù, tí ó sì ń dùn wọ́n pé àwọn gbàgbé. Wọ́n dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ara mi fi ń yún mi láti bá wọn sọ ọ́. Ni Dámi bá ní, “Mir.”

Màmá di ọwọ́ mi mú. “Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?”

“Dámi ni, mà.”

“Kí ló wí?”

“Ó ní kí adìẹ lọ sùn, mà.”

Màmá jókòó sílẹ̀ sórí àga Doña Chela láì dúró kí wọ́n tún ní kí àwọn jókòó. Wọn kò sọ̀rọ̀ títí a fi padà délé, n kò sì rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dé.

Doña Chela yá wa ní ìwé náà. Ó yẹ kí inú gbogbo ilé dùn, inú Mọ́mì sì kọ́kọ́ dùn lóòótọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Third Ward dé, wọn ò tíì bọ́ bàtà, wọ́n gbé Dámi lé ẹsẹ̀, wọ́n sì ń ṣí ìwé náà pẹ̀lú rẹ̀ lójú ewé lójú ewé, adìẹ, ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀, títí wọ́n fi dé ewé tó gbẹ̀yìn. Òwìwí ló wà níbẹ̀. Ó bà sórí ẹ̀ka igi, òṣùpá wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì là kalẹ̀, ó ń wo èèyàn tààrà. Dámi, ọmọ tí kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀, gbọ́wọ́ sókè, ó juwọ́ sí i.

Mọ́mì kò pariwo. Wọ́n pa ìwé náà dé, wọ́n gbé ọmọ sílẹ̀, wọ́n ní, “Jésù.” Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ẹyẹ àjẹ́. Inú ìwé ọmọdé. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀, ẹyẹ àjẹ́ ló ń juwọ́ sí. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?” Wọ́n ta òróró sí ẹ̀yìn ìwé náà, wọ́n na án sí mi pẹ̀lú ìka méjì. “Fọlá, lọ jù ú sínú dumpster ìdọ̀tí nísàlẹ̀. Má wẹ̀yìn.” Wọ́n sì ní láti ọjọ́ náà lọ, Dámi kò ní dé ilé obìnrin yẹn mọ́, ṣebí Màmá wà nílé.

Mo gbé ìwé náà sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹbọ lọ sí oríta. Màmá ni mo bá lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń yá oòrùn. Wọ́n ní kí ni mo gbé dání. Mo ṣí ewé tó gbẹ̀yìn hàn wọ́n, Màmá gan-an sì sún sẹ́yìn, wọ́n gbá etí ìró wọn mọ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀rù òwìwí tí ń ba Mọ́mì, ta ló ṣáà fi kọ́ wọn? Ṣùgbọ́n wọ́n wo ìwé náà pẹ́, wọ́n wo ọ̀nà àpótí ìdọ̀tí, wọ́n wá na ọwọ́. “Gbé e wá,” wọ́n ní. “Ohun tó ya ẹnu ọmọ, a kì í sáré jù ú nù.” Wọ́n fi gèlè wé e, wọ́n sì gbé e wọlé sábẹ́ apá wọn.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e kò dára. Gbogbo àárọ̀, bí rédíò Doña Chela bá ti bẹ̀rẹ̀, Dámi á lọ dúró ti ògiri, á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Kò sunkún. Bí ó bá sunkún, mo rò pé ọkàn wa á fúyẹ́ díẹ̀. Ó kàn dúró síbẹ̀, Màmá á máa kì í láti ẹ̀yìn, kò sì ní yí ojú padà. Nígbà tí ó ṣe, ohùn Màmá gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, wọ́n á kì í dé ìdajì, wọ́n á sì jáwọ́.

Ní ọ̀sán kan, Màmá di mọ́ínmọ́ín sínú fọ́ìlì, wọ́n pọn Dámi sẹ́yìn, wọ́n ní kí n bá àwọn lọ gbufọ̀ nílé Doña Chela. Mo mọ Sípáníìṣì díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì mi, Doña Chela náà sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Màmá gbé ìwé náà jáde nínú gèlè, wọ́n ṣí ewé òwìwí, wọ́n ní, “Sọ fún wọn pé ẹyẹ yìí kò dára nílé wa. Rọra sọ ọ́ o, má sọ ọ́ bí èébú.” Mo rọra sọ ọ́. Mo rò pé Doña Chela á rẹ́rìn-ín ni, nítorí olùkọ́ mi nílé ìwé ti sọ fún wa pé òwìwí ni ẹyẹ ọlọ́gbọ́n, ó sì lẹ àwòrán ọ̀kan tó wọ awò ojú mọ́ ara ògiri. Doña Chela kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ya àgbélébùú sí àyà, wọ́n ní ní abúlé tiwọn, bí ẹyẹ yìí bá ké lórí òrùlé, ìyá àwọn á jáde síta, á sì bú u títí tó fi máa fò lọ. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló ra ìwé yẹn ní mall, àwọn sì máa ń yára ṣí ojú ewé yẹn kọjá ni.

Mo gbufọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Màmá sún mọ́ mi. “Bi wọ́n pé irú èébú wo ni wọ́n ń bú u.”

Doña Chela sọ èébú náà. Mi ò mọ ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀, èyí tí mo mọ̀ kò sì ṣe é sọ fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n Màmá ti gbọ́ ọ láti inú ohùn wọn. Àwọn ìyá arúgbó méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu ara wọn léjìká. Ibẹ̀ ni Màmá ti ní kí wọ́n fún àwọn ní sísọ́ọ̀sì. Wọ́n gé etí àdìrẹ ara wọn tó ti gbó, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, Doña Chela mú gúlù wá, wọ́n sì lẹ aṣọ náà bo òwìwí lójú. Òkè rẹ̀ nìkan ni wọ́n lẹ̀, gúlù ló tán. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni Dámi fi ìka ṣí aṣọ náà sókè. Òwìwí ń wò wá. Dámi jẹ́ kí aṣọ náà bọ́ padà, ó tún ṣí i, ó rẹ́rìn-ín. Màmá tẹ orí sílẹ̀, wọ́n wo ẹyẹ náà dáadáa bí ẹni tó ń wo ọmọ ọlọ́mọ. “Òun nìkan ni kò tíì sùn,” wọ́n ní. “Kò burú. Ẹ jẹ́ kó máa ṣọ́ wọn.”

Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi bí mo ti ń kọ èyí. Aró aṣọ náà ti ṣá, ó sì ti gan lójú ibi tí ìka ti pọ̀ sí.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Doña Chela, bí mo bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe Sípáníìṣì ni wọ́n ń kọ́. Dídákẹ́ ni. Wọ́n ti rí i pé oríkì tí àwọn ń kì, odindi ni àwọn ń dà á lé ọmọ lórí, kò sí ibi tí ó lè gbà bọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé, “Lílé wà, ègbè wà. Èmi ni mò ń lé, èmi náà ni mò ń gbè. Kí wá ni kó ṣe?” Wọ́n wo àwòrán inú ìwé, wọ́n sì dá orin kékeré kan tiwọn. Adìẹ wọlé, ó sùn. Ewúrẹ́ wọlé, ó sùn. Ẹlẹ́dẹ̀ wọlé, ó sùn. Gbogbo orin náà nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ Doña Chela ni wọ́n ń jókòó sí, Doña Chela á kọ tiwọn, Màmá á kọ tiwọn, wọ́n á sì dákẹ́ níbi tí ó yẹ. Ṣé ẹ mọ bí dídákẹ́ ṣe le tó fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi? Wọ́n á ní, “Adìẹ wọlé, ó,” wọ́n á fún ètè pọ̀, ìka ẹsẹ̀ wọn á máa jó nínú sálúbàtà, wọ́n á wá jálẹ̀, “sùn, sùn, àbí kò sùn ni?” Doña Chela á gbé ìka lé ètè. Mo ti kà nípa àwọn ọlọ́pọlọ tí wọ́n ń kọ́ ọmọdé ní ọ̀rọ̀ sísọ láti ìgbà náà, n kò sì tíì rí èyí tó sàn ju ìka orí ètè yẹn lọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọn kò sọ pé kí gbogbo wọn gbọ́ èdè kan náà.

Dámi ń dá Doña Chela lóhùn, “mir”, “mir”. Ní ti Màmá, kò dá wọn lóhùn. Á wo ẹnu wọn, á wo adìẹ, á dúró de ewé tó kàn. Màmá kò bínú. Ṣùgbọ́n mo rí wọn lójoojúmọ́ tí wọ́n ń wo kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lára ògiri kíṣìnì, tí wọ́n á sì yí ojú kúrò.

Ọjọ́ kan ni Mọ́mì tètè dé, tí wọ́n bá ìwé náà lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú aṣọ rẹ̀. Wọ́n mọ àdìrẹ yẹn dáadáa, òun ni Màmá fi pọ̀n wọ́n ní kékeré. “Màmá,” wọ́n ní, “mo ní kí wọ́n gbé nǹkan yìí jáde nínú ilé mi.”

“O ní bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé òwìwí kò dára. Ẹ̀yin fúnra yín.”

“Èmi ni. Àgbà tó kọ́ ni ló lè tún un sọ.” Màmá fọwọ́ kan àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣùgbọ́n Mọ́mì kò jókòó. “Bọ́sẹ̀, mo ń gbọ́ ẹ láràárọ̀ tí ò ń pe Ọlọ́run. Bí ẹyẹ inú ìwé bá lè borí Ẹni tí ò ń pè, sọ fún mi, kí n tètè mọ̀.”

Mọ́mì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì ìwé lọ́rùn. Ojú wọn pọ́n. Mo kéré nígbà náà, ìbínú ni mo pè é. Ẹ̀rù ni. Mo ti bímọ tèmi báyìí, mo sì mọ irú ẹ̀rù tí máa ń ba ìyá tí gbogbo èèyàn ń wò bí ẹni tó ṣe àṣìṣe kan tí kò fẹ́ jẹ́wọ́. “They will say I did something,” ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú ohùn kékeré. “Màmá, wọ́n máa ní nǹkan kan ni mo ṣe.” Màmá dìde, wọ́n gba báàgì náà lọ́rùn wọn. Láti ìgbà náà, Mọ́mì kò tún ní kí a ju ìwé náà nù, wọ́n sì jẹ́ kí Dámi padà sí ilé Doña Chela. Ṣùgbọ́n wọn kì í fọwọ́ kàn án. Bí ó bá wà lójú ọ̀nà wọn, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ọjọ́ tí Màmá máa lọ pé. Gbogbo wa la sìn wọ́n lọ sí airport. Nínú ọkọ̀, lórí freeway, Màmá gbé ìwé náà lé orí ẹsẹ̀ Dámi, wọ́n sì kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. “Adìẹ wọlé, ó.” Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n dáadáa nígbà yẹn, wọ́n dákẹ́ bí Doña Chela ṣe ń dákẹ́, pẹ̀lú ojú lórí adìẹ. Dádì pa rédíò. Ọkọ̀ ń kọjá wa lọ́tùn-ún lósì. Dámi ń wo ojú fèrèsé. “Ewúrẹ́ wọlé, ó.” Bákan náà. Wọ́n kọ ọ́ dé ibi òwìwí, wọ́n ṣí aṣọ náà, wọ́n bò ó padà, wọ́n pa ìwé náà dé. Ní ẹnu ibi tí àwa kò lè kọjá, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, wọ́n pè é pé, “Àkànní.” Ó fi ọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn. Kò jẹ́. Màmá dìde, wọ́n súre fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọlé, aṣọ funfun wọn sì bọ́ sáàárín àwọn èèyàn. Dámi wo ẹnu ọ̀nà náà títí Dádì fi gbé e.

A padà délé. Dádì múra, wọ́n lọ síbi iṣẹ́. Mo se ìrẹsì, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ dáadáa. Bí ojú oòrùn ti ń pọ́n lójú fèrèsé, Mọ́mì gbé Dámi lọ sí orí ibùsùn rẹ̀, ó sì di ìwé náà mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mọ́mì wo ìwé náà. Wọ́n ṣí i. Wọn kò gbọ́ Sípáníìṣì, wọn kò sì tíì kọ orin yẹn rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń gbọ́ ọ láti kíṣìnì láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n ní, “Adìẹ wọlé, ó,” ẹkún sì gbé ọ̀rọ̀ tó kù mì. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọn kò dákẹ́ de ẹnikẹ́ni o, wọn ò kàn lè sọ ọ́ ni. Ìka wọn ṣì wà lórí adìẹ.

“Sùn,” ni Dámi wí.

Dámi fúnra rẹ̀ ló ṣí ewé tó kàn, ó wo Mọ́mì, ó ń dúró. “Ewúrẹ́ wọlé, ó,” ni Mọ́mì wí, pẹ̀lú ohùn tí kò jọ tiwọn. “Sùn.” “Ẹlẹ́dẹ̀ wọlé, ó.” “Sùn.” Nígbà tí wọ́n dé ewé tó gbẹ̀yìn, Mọ́mì ló na ọwọ́, wọ́n ṣí aṣọ ìyá wọn sókè, wọ́n sì wo òwìwí náà lójú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbá ọmọ mọ́ra, wọ́n ń sọ pé, “Kò gbọ́ ọ. Màmá mi ò gbọ́ ọ.” Màmá wà lójú òfurufú, níbi tí ọwọ́ wa kò tó.

Ó tó ọjọ́ méjì kí fóònù tó dún láti Ọ̀yọ́. Màmá ní àwọn ti délé láyọ̀, wọ́n ń béèrè ẹnìkọ̀ọ̀kan wa, wọ́n béèrè Doña Chela, wọ́n ń sọ ti ẹrù wọn tó pẹ́ dé. Mọ́mì kò sọ nǹkan kan fún wọn. Wọ́n kàn ní, “Màmá, ẹ dúró,” wọ́n sì gbé fóònù lé etí Dámi. A rò pé a máa ní láti bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ ohùn tó wà nínú fóònù, ó fún ojú pọ̀, ó wo ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì ní, “Màmá wọlé, ó.”

Ó dákẹ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò lójú kan, ó ń dúró bí wọ́n ṣe máa ń dúró dè é. Fóònù náà dákẹ́. Mọ́mì rò pé ó ti já, bó ṣe máa ń já, wọ́n na ọwọ́ láti gbà á. Dámi kò fi sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ohùn Màmá ti dé láti ọ̀nà jíjìn.

“Sùn, Àkànní,” ni wọ́n wí. “Ó sùn.”